Èrò tó Wà Lórí Odán Gáréèjì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, eérú ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ewu ti dé. Mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo rí i tí eérú koríko ń bọ́ sórí aṣọ funfun ìyá mi. Mo gbé ojú sókè, iná ti gba ara òkè tó wà lẹ́yìn wa. Ẹnìkan ló ń sun oko rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé e kọjá ààlà.

A di ohun tí a lè dì, a sá lọ sí gáréèjì. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ta iyán, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ yanrìn gbalasa tí iná kò lè rìn lé lórí. Ẹ má rò pé inú mi dùn o. Ẹ̀rù iná bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn ọmọ gáréèjì bà mí jù ú lọ. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń fi ìgò fọ́ ara wọn lórí. Òfin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún. Igi odán ńlá kan wà láàárín gáréèjì. Awakọ̀ tó bá gba tọ́ọ̀nù ẹlòmíràn, tó kó èrò nígbà tí kò tíì kàn án, tí wọ́n bá ń lé e, tó bá ti sáré fọwọ́ kan odán yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lù ú mọ́ títí alága wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Iná ti jó o nírù, ọmọ rẹ̀ sì so mọ́ ọn láyà. Ó sá la àárín ọkọ̀ kọjá, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lókò, ọdẹ àgbàlagbà kan ń tẹ̀ lé e tòun ti ìbọn. Ọ̀bọ náà gun odán lọ.

Ìyá mi sọ fún mi pé, “Koná sábẹ́ ìkòkò. Wọn ò ní pẹ́ gbé ẹran wá fún mi sè.”

Alága dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Baba ọdẹ, ẹ sọ ìbọn kalẹ̀.”

“Ẹran mi ni. Láti orí òkè ni mo ti ń tọ̀ ọ́ bọ̀.”

“Ó ti fọwọ́ kan odán.”

“Ọ̀bọ ni mo ní, alága. Ṣé ọ̀bọ náà ń wa ọkọ̀ ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gáréèjì dá a lóhùn pé, “Èrò ni, baba. Ẹ ò rí i pé ó gbọ́mọ dání? Ọkọ̀ ìlú rẹ̀ ni ò tíì dé.”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àfi alága. Ó ní, “Bí a bá jẹ́ kí ẹ pa èyí, ta ni yóò tún gbà pé odán ṣe é sá sí? Ẹ máa lọ ilé yín.”

Ọdẹ kò lọ. Ó jókòó sí òdìkejì títì, lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, ó gbé ìbọn lé itan. Ó mọ̀ pé ebi yóò sọ ẹran náà kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ojoojúmọ́ ló ń wá.

Ni àwọn ọmọ gáréèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ̀bọ náà ní tọ́ọ̀nù, bí ọkọ̀ ṣe ń tò. Wọ́n gé kẹ́ẹ̀gì sí méjì, wọ́n pọnmi sí i, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka. Ẹni tí mo rí tó fọ́ ìgò mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lórí, òun ló ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ń nà án sókè jẹ́jẹ́, tó ń ní, “Ìyá ọmọ, ẹ gbà.” Ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ègé iṣu kan sọ́tọ̀ kó tó gúnyán. Ilé wa ti jó, lábẹ́ odán yẹn ni àwa náà ń sùn. Kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ̀bọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ àwa náà.

Nígbà tó yá, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, èéfín òkè tán, koríko tútù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín àpáta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀bọ náà sọ̀ wá sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó kọjú sí òkè. Alága dá gbogbo ọkọ̀ dúró, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọn fèrè. Ọdẹ dìde. Alága lọ dúró níwájú rẹ̀.

“Baba, ọkọ̀ èrò wa ti dé.”

Ọdẹ wò ó, ó wo ọmọ tó so mọ́ ìyá rẹ̀. Ó ṣí ìbọn, ó yọ ọta rẹ̀, ó fi í sápò. Ó ní, “Ọmọ náà ti sanra díẹ̀.”

Ọ̀bọ bá kọjá títì, ó gun àpáta lọ. Ọjọ́ náà ni ìyá mi tó sọ pé ká lọ wo ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀.

Lónìí wọ́n ti gé odán, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Ilé ti kún ẹsẹ̀ òkè, inú fóònù lẹ̀yin ti ń rí ọ̀bọ. N kò ní kí ẹ má bẹ̀rù àwọn ọmọ gáréèjì. Èmi alára ṣì ń bẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń bi ara mi pé, ẹni tí wọ́n bá ń lé lónìí, kí ni yóò fọwọ́ kàn?