Àǹtí, Ọkọ Ìnàkí àti Kọ́tìnnì Ìyá Tíṣà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, ẹ má lọ bi ọkọ ìyàwó tuntun. Ẹ jí ní kùtùkùtù, kí ẹ gba ọgbà ẹranko lọ, kí ẹ wo bí Ọkọ Ìnàkí ṣe ń kí Àǹtí.

Kò fẹ́ ìnàkí níyàwó o. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ìnàkí kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà náà, abo kan tí ojú rẹ̀ máa ń le bí ojú ìyá ọkọ tí ìyàwó gbàgbé láti kí. Ìnàkí náà kò ju ọmọ ológbò lọ nígbà tí wọ́n gbé e dé, bàbá yìí ló sì fi ìgò ọmọdé fún un ní wàrà mu títí ó fi tó ẹni tó lè gba ìgò lọ́wọ́ ẹni kó fi sọ̀kò síni. Ó sọ ọ́ ní Àǹtí. Ó ní ẹni tó bá ń woni báyẹn, èèyàn kì í pè é lórúkọ lásán. Ìyàwó rẹ̀ nílé, Ìyá Tíṣà, ni àwọn aládùúgbò wá ń pè ní Orogún Ìnàkí bó bá ti kọjá tán.

Orúkọ náà kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ gbé ẹjọ́ gbà?

"Bàbá Tíṣà, ẹ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ìnàkí láàárọ̀, ẹ ń bó o fún un lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ṣé ẹ ti bó ẹ̀pà lásán fún mi rí?"

"Ìwọ ní ọwọ́."

"Òun ńkọ́? Mẹ́rin ló ní!"

Ilé Àǹtí pín sí méjì. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn tó ń sùn sí, ojúde onírin sì wà níwájú, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń wò ó. Láràárọ̀, bàbá á kọ́kọ́ gbá ojúde, á wá kan ilẹ̀kùn yàrá. "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kò tíì ní ṣílẹ̀kùn o. Àfi bí Àǹtí bá ti abọ́ oúnjẹ àná gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, kí abọ́ náà sì mọ́ fínnífínní. Bí abọ́ kò bá jáde, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ó ní ọmọ tí kì í dá abọ́ padà, kò sí ilé tí yóò gbà á. Bí Àǹtí bá ti bọ́ sí ojúde, bàbá á gba iwájú jáde, á fa irin ńlá dábùú ilẹ̀kùn, á mì í jìgìjìgì, á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Á wá fa okùn kan tí yóò pa ilẹ̀kùn yàrá dé, kí Àǹtí má baà lọ sá pamọ́ fún àwọn tó ti sanwó ìwòran. Ìgbà náà ni yóò tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ níta, tí yóò ṣí fíláàsì tíì rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni Àǹtí ń fi ojú bá lọ. Ojú Àǹtí kì í sinmi.

Nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, wá kí wọn, tó gbé ṣíbí sílẹ̀ láàárín oúnjẹ. Ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ti kọ̀wé títí, ìjọba ti gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ wá wo Àǹtí, láti pinnu bóyá kó dúró sí ọgbà tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí igbó ńlá kan tí wọ́n ṣọgbà yí ká, níbi tí àwọn ìnàkí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

"Dádì," ó ní, "ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Àǹtí ṣẹ̀?"

"Àǹtí ṣẹ̀ kẹ̀? Ẹni tí kò bú ọmọ ẹnikẹ́ni rí?"

"Bí kò bá ṣẹ̀, kí ló dé tí ẹ tì í mọ́lé?"

"Ta ló tì í mọ́lé? Ilé ló ń gbé. Ìwọ náà ń gbé ilé. Àbí ilẹ̀kùn tìrẹ kò ní kọ́kọ́rọ́ ni?"

"Ó ní, sà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń ké gbàmí. Ìyá Tíṣà ń jẹun tirẹ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́tù.

"Òjò kì í pa á," ni bàbá sọ, tó ń ka ìka lọ́wọ́, "ọdẹ kì í lé e, ebi kì í pa á. Dókítà ń wá wo eyín rẹ̀. Èmi tí mo lómìnira, ta ló wo eyín mi rí? Kí ló wá kù tí Àǹtí ń fẹ́?"

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Ìnàkí ni!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè lórúkọ lásán."

"Ìyá Tíṣà, ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ń sọ?"

"Ó ti di ọmọ mi?" ni ìyàwó dáhùn. "Nígbà tó gba ipò kìíní nílé ìwé, ọmọ yín ni. Ní tèmi o, bí wọ́n bá ń gbé orogún mi lọ, màá bá a di ẹrù."

Ọ̀rọ̀ yìí gún bàbá bí abẹ́rẹ́. Ta ni yóò kí Àǹtí láàárọ̀ nínú igbó? Ta ló mọ̀ pé kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìdí rẹ̀ bá dúdú? Ó búra pé ìgbìmọ̀ yóò bá ilé Àǹtí ní ipò tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ní yàrá kan níbẹ̀. Ó kun irin ojúde ní búlúù. Ó gbé rédíò ilé rẹ̀ lọ, ó gbé dígí lọ, ó gbé aago ara ògiri lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àǹtí kò ní ibi tó ń lọ tó fi lè pẹ́. Nígbà tó yá, ó kó àwọn àga. Ìyá Tíṣà dé láti ọjà, ó bá àlejò méjì tí wọ́n dúró ní pálọ̀ bí òpó iná.

"Bàbá Tíṣà, ṣé olè wá ni?"

"Olè kọ́. Àǹtí ló fẹ́ gba àlejò."

"Àwọn tó dúró yìí ńkọ́, ṣé ẹyẹ ni wọ́n?"

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó lẹ́wà nínú ilé náà: kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó pupa, tí Ìyá Tíṣà fi òógùn ojú rẹ̀ rà, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pàápàá fọwọ́ kàn láìwẹwọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ìyá tó jí, bàbá ti tú u, ó ti ká a sí abíyá, ó ti lọ.

Ó gbá ojúde. Ó kí Àǹtí. Abọ́ jáde, ó gbé e sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣílẹ̀kùn yàrá, Àǹtí sì jáde sí i. Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọlé. Dípò kí bàbá jáde kó ti ilẹ̀kùn, àpótí ló gùn, tó kọjú sí ògiri, tó ń kan ìṣó kọ́tìnnì. Fìlà rẹ̀, fíláàsì rẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àǹtí wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó ń kan ìṣó, ó ń kọrin, inú rẹ̀ ń dùn, ló bá gbọ́ jìgìjìgì.

Ó bojú wẹ̀yìn. Àǹtí wà ní ìta. Ó ti fa irin dábùú, ó sì ń mì í wò bóyá ó wọlé dáadáa. Ó fa okùn, ilẹ̀kùn yàrá pa dé, gbàgà! Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dé fìlà, ó ṣí fíláàsì, ó mu tíì, ó sì káwọ́ lérí ikùn. Kò sí ohun tó kù tí kò ṣe, àfi "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Àǹtí," ni bàbá rọra pè, "ẹ dákun, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Àǹtí ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí i. Ìdí rẹ̀ dúdú.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà, tí èrò ya wọlé. Wọ́n rí ẹnìkan tó dé fìlà, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú òjìji abẹ́ igi, wọ́n sì rò pé òṣìṣẹ́ ọgbà ni. Wọ́n tilẹ̀ kí i. Ojúde onírin ni gbogbo wọn rọ́ lọ.

"Ẹ wo èyí! Ó wọ ṣòkòtò!"

"Èmi ni olùtọ́jú!" ni bàbá kígbe.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ!" Ìyá kan ju ẹ̀pà sí i. "Jẹ ẹ́, má bẹ̀rù."

"Ìyá, èèyàn ni mí!"

"Ó mà gbọ́n o," ni ìyá náà sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ó sàn ju àbúrò rẹ lọ."

Èyí kò tíì burú. Èyí tó burú ni tíì tí bàbá mu nílé kó tó jáde, tó wá ń béèrè ọ̀nà báyìí. Bàbá lọ sí igun ọ̀tún, ojú wà níbẹ̀. Ó lọ sí igun òsì, ojú ń dúró dè é. Ó kọjú sí ògiri, àwọn ọmọdé sáré yípo lọ sí ẹ̀gbẹ́. Yàrá ti pa dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì dá ọgbọ́n okùn náà. Gbogbo ọjọ́ ayé tó fi ń tọ́jú Àǹtí, kò ronú rí pé ojúde yẹn kò ní ibi téèyàn ti lè kẹ̀yìn sí ayé. Ló bá rántí kọ́tìnnì. Ó kó sẹ́yìn rẹ̀, ó fà á bo ara rẹ̀, ó gba ìdáǹdè.

"Ẹ ṣí kọ́tìnnì o!" ni èrò ń pariwo. "A sanwó!"

Inú ariwo yìí ni ìgbìmọ̀ dé bá wọn. Alága wọn jẹ́ obìnrin onígíláàsì kan. Ọ̀gá Àgbà ọgbà ń bá wọn bọ̀, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀. Tíṣà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n gbé páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: ILÉ KỌ́, Ẹ̀WỌ̀N NI. Bàbá yọ orí lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ṣé èyí lẹ fẹ́ ká tú sílẹ̀?" ni Alága bi Tíṣà.

"Rárá, mà," ni Tíṣà dáhùn. "Bàbá mi nìyẹn."

Ìgbà náà ni onífìlà orí bẹ́ǹṣì dìde, tó na ara, tó fi gbogbo eyín hàn. Ẹ ò bá wo eré! Èrò tó kún ibẹ̀ bí eṣú pòórá bí ìrì. Ọ̀gá Àgbà fẹ́ sá, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yíjú, òun tẹ̀lé e. Ó ń pariwo látẹ̀yìn igi pé kí gáàdì oníbọn wá yìn ín níbọn. Gáàdì dé pẹ̀lú ìbọn tí aláǹtakùn ti fi ẹnu rẹ̀ ṣe ilé ọmọ.

"Má yìn ín!" ni bàbá ké láàárín irin. "Bó o bá yìn ín, èmi náà kú!"

"Dádì, ẹ bá a sọ̀rọ̀!" ni Tíṣà ń sunkún. "Ẹ̀yin ló mọ̀ ọ́n! Ẹ ní kó ṣílẹ̀kùn!"

Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú abọ́ Àǹtí, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti abọ́ náà gba abẹ́ irin jáde.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí."

Àǹtí gbé abọ́, ó wo inú rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà kan wà níbẹ̀. Ó ti abọ́ padà wọlé.

"Ẹ má bínú, mà," ni bàbá sọ. Ó fi ẹ̀wù nu abọ́ títí ó fi ń dán, ó tún ti í jáde. Àǹtí yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ó wá fa irin, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu, ó sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí bàbá kọjá.

Bàbá jáde. Àǹtí bọ́ fìlà fún un, ó wọlé, ó jókòó sórí àga, ó sì fa kọ́tìnnì.

"Ẹ rí i?" ni Ọ̀gá Àgbà sọ, tó yọjú lẹ́yìn igi. "Òun fúnra rẹ̀ ló padà wọlé! Ọgbà yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn!"

"Ibo lẹ fẹ́ kó lọ, sà?" ni Tíṣà dá a lóhùn. "Ẹ̀yìn igi yín ni àbí ẹnu ìbọn?"

Alága kọjú sí bàbá. "Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Kí lẹ rí sí i?"

Bàbá ti to àlàyé sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń kun irin: òjò, ọdẹ, ebi, eyín. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé abọ́ Àǹtí kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Láràárọ̀ ni Àǹtí ń fún mi ní abọ́," ló ní, "abọ́ tó mọ́. Èmi náà á ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń ṣí sí fún un, inú irin náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèmi fún un ní abọ́ tó mọ́, ó ṣí ìta fún mi." Ó dé fìlà rẹ̀, ó tún ṣí i. "Ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa wà níbẹ̀, kó máa kí i láàárọ̀ o. Kò fẹ́ ìwà àrífín."

Ọjọ́ tí ọkọ̀ wá gbé Àǹtí, Ìyá Tíṣà tẹ̀lé wọn dé ọgbà. Kò wá sunkún, kọ́tìnnì rẹ̀ ló wá mú. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, Àǹtí ti fà á já lára ìṣó, ó ti ró o mọ́ àyà bí ìyá ìyàwó, ó sì ti wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbà mí!" ni Ìyá Tíṣà ké. "Orogún mi kó ẹrù lọ, ó kó tèmi mọ́ ọn!"

"Ṣebí ìwọ lo ní wàá bá a di ẹrù," ni bàbá sọ, tó ń fi fìlà nu ojú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó ní pálọ̀ tí kò ní kọ́tìnnì, tí gbogbo ará àdúgbò tó ń kọjá ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Bàbá kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó fa ẹ̀pà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí abọ́ kún, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá Tíṣà wò ó, ó wo ẹ̀pà. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì na abọ́ òfìfo sí i.

Bàbá gba abọ́, ó wo inú rẹ̀. Ló bá dìde, láìmọ ohun tó ń ṣe, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ìta sílẹ̀ gbayawu.