Ilé Onítáyà Tí Mọ́tò Wa Lè Fà

Nígbà tí onílé wa ní Peckham sọ pé òun fẹ́ ta ilé, oṣù méjì péré ló fún wa láti kó jáde. A wá ilé títí, a ò rí. Ọkọ mi bá ní ká ra karafáànù, ilé onítáyà tí mọ́tò ń fà, ká máa gbé inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a lọ bá òyìnbó tó ń tà á ní Kent. Èyí tó wù mí gùn, ó sì ní yàrá gidi. Òyìnbó náà wo mọ́tò wa, ó mi orí. Ó ní kékeré tó wà lẹ́yìn yẹn nìkan ni mọ́tò wa lè fà.

A wọ inú kékeré náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kí èkejì tó lè kọjá. Òyìnbó náà lọ mú ìwé wá, ọkọ mi sì ti ilẹ̀kùn láti dán an wò. Nígbà tó fẹ́ ṣí i, ó ti há. A gbá a títí, kò sẹ́ni tó gbọ́.

“Daddy, mi ò lè gbé ibí,” mo sọ fún ọkọ mi.

Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. “Èmi náà ò fẹ́ ẹ. Àmọ́ níbo la fẹ́ lọ?”

Òyìnbó náà padà dé, ó fa ilẹ̀kùn láti ìta, ó ṣí, ó ní òun á tún un ṣe.

A rà á. Nígbà tí a ń fà á lọ sílé, kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn nínú àwa méjèèjì.