Ìtàn Ọkọ̀ Ogun tí Daddy Kọ

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ rélùwéè tuntun ní Woolwich nílùú òyìnbó, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Láràárọ̀ ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì láti Plumstead lọ sí Thamesmead, níbi tí bàbá òyìnbó kan ń dá gbé ní àjà kẹta. Ọ́fíìsì ní kí n máa pe orúkọ rẹ̀. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, kí n máa pe ẹni tó ju bàbá mi lọ lórúkọ? Daddy ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wò mí bí ẹni pé mo wá gba ogún. Nígbà tó yá, bí mo bá gbàgbé láti pè é bẹ́ẹ̀, á bi mí bóyá inú ń bí mi ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ẹnu Daddy: ọkọ̀ ogun ojú omi kan, kì í ṣe àwọn gàgàrà yẹn, irú èyí tó fúyẹ́ tó sì ń sáré ni. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ogójì ọdún ni Daddy fi kọ ìtàn ọkọ̀ náà sínú ìwé: ọjọ́ tí wọ́n tì í sómi, bó ṣe ṣọ́ Òkun Àríwá, iye ìbọn ńlá tó wà lórí rẹ̀, ìgbà tí wọ́n gbé e lọ tún ṣe, títí dórí ìrìn àjò rẹ̀ lọ sí etíkun Áfíríkà wa. Bí mo bá ń fọ ẹ̀yìn fún un, á máa kà á fún mi. Bí mo bá já lu ọ̀rọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Ṣùgbọ́n èmi kì í lè pa ẹnu mọ́ pẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé bàbá rẹ̀ dà nínú gbogbo èyí. Ó ní kò sí níbẹ̀, ìtàn ọkọ̀ ni, kì í ṣe ìtàn ènìyàn. Mo ní èédú tó gbé ọkọ̀ dé Áfíríkà ńkọ́, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló rìn wọ inú iná? Daddy gbé ìwé sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé bàbá òun ló ń kó èédú náà síná, àti pé eruku rẹ̀ ló pa á nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọn ò jẹ́ kí òun lọ síbi ìsìnkú. Ilé ìwé ni wọ́n rán òun lọ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bá òun sọ ọ́ rí.

Wọ́n máa tó gbé Daddy lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ó fẹ́ ka ìtàn náà fún àwọn aládùúgbò ní gbọ̀ngàn kó tó lọ, ó ní bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó. Wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni mẹ́ta ló ní àwọn ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì ń gbá gbọ̀ngàn náà. Ó dùn mí gan-an. Mo sọ fún àwọn ìyá àsàlátù wa pé Daddy mi ní ohun tó fẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́. Alhaji kan ará Ìbàdàn tó jẹ́ awakọ̀ ní òun á fi ọkọ̀ òun kó wọn wá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀fìnkìn gba ohùn lọ́nà ọ̀fun Daddy. Ló bá gbé ìwé fún mi. Àwọn òyìnbó tó wá jẹ́ méje, àwọn tiwa kún ìlà iwájú bámúbámú. Mo kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, lẹ́yìn náà mo fi tèmi kún un: mo ní kí ọkọ̀ yìí tó lè rìn, ẹnì kan ní láti máa bọ́ ọ, bàbá Daddy sì ni. Daddy gbé orí sókè. Mo kà á lọ títí mo fi dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń gé irin àlòkù.

Mo mọ̀ pé irin ni. Ẹni tó bá pàdánù irin, òfò là ń kí i. Àmọ́ mo wo ojú Daddy, ojú ọmọ tí wọ́n rán lọ sílé ìwé ni mo rí. Mo pa ìwé dé, mo kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Daddy.”

Àwọn ènìyàn wa kì í gbọ́ ìyẹn kí wọ́n jókòó. Alhaji ló kọ́kọ́ dìde, ó di ọwọ́ Daddy mú, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn ìyá tò tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn sọ sí mi létí pé, “Auntie, ìgbà wo ni wọ́n lose ẹni wọn? Ó yẹ kí ẹ ti inform wa now.” Àwọn òyìnbó rò pé ara ètò ni, làwọn náà bá tò. Ọ̀kan bá Daddy kẹ́dùn lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí, mo ṣe méjèèjì pọ̀.

Nínú ọkọ̀ Alhaji, Daddy kọjú sí fèrèsé. Mo rò pé mo ti ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dákẹ́, kí n kọ́ òun ní ohun tí wọ́n fi ń dá irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Mo ní a máa ń ní ẹ ṣé, a ò ní fi irú ẹ̀ san án. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí a tó délé, kò sì pe ọ̀kankan dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé náà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Lábẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ta ọkọ̀ náà, Daddy ti kọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe nínú ọkọ̀. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Thamesmead ni wọ́n ti wá kí òun kú ará fẹ́ra kù.