Chemo Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìjọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà tí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun padà wá bá mi.

Nígbà àkọ́kọ́ tó lọ, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jó débi pé bàtà mi já. Kò pé ọdún méjì, kókó kan tún yọ lọ́rùn mi. Dókítà ní òun náà ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe ikú o. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn tí mo jẹ́rìí níwájú wọn?

Dókítà ṣàlàyé pé oògùn chemo, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹyọ kan ò ní tó lọ́tẹ̀ yìí, méjì pa pọ̀ ni wọ́n máa fà sí mi lára, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ní ó dáa, ṣebí ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Redan, lókè òkun níbí, ni mò ń gbé, àmọ́ mo wá ọsibítù lọ sí Marietta tó jìnnà sí wa, kí ojú tó mọ̀ mí má baà rí mi. Mo kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ò dùn sí i.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó, mo ká apá aṣọ sókè. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn dé. Ta ni mo rí? Sister Bọ́lá, tó ń kọ alto nínú choir wa!

Mo ní, “Bọ́lá, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnì kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Uncle, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa ò gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀yin ńkọ́? Òfin wo ló ní kẹ́yin má sọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Síbẹ̀, mo panu mọ́.

Lẹ́yìn ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kejì, ẹnu mi bó, oúnjẹ ò gba ọ̀fun kọjá. Ìyàwó mi ti lo gbogbo day off rẹ̀ tán lórí gbígbé mi lọ, gbígbé mi bọ̀. Mo rí i tó ń tòògbé lórí ìjókòó ní ilé ìdáná, ojú tì mí.

Lọ́jọ́ Sunday, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ohun tí mo jẹ́rìí lé lórí ti padà wá, mo sì ti ń gba ìtọ́jú.

Mama Àgbà, tó dàgbà jù nínú ìjọ wa, bi mí láti orí ìjókòó wọn pé, “Ẹ̀rí tó o jẹ́ nígbà yẹn, ṣé irọ́ ni?”

Mo ní, “Rárá, mà.”

“A ti dúpẹ́ tìgbà yẹn nìyẹn. Jókòó. Ta ló máa gbé e lọ fún ìtọ́jú tó kàn?”

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè lọ́tùn-ún lósì. Uncle kan nínú ìjọ ń ti Jonesboro tó jìnnà wá gbé mi. Ó máa ń kọrin nínú traffic, ohùn rẹ̀ ò dáa rárá, èmi náà ò sì ní ohùn tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, àyẹ̀wò scan fi hàn pé kókó náà ti súnkì. Dókítà ní kò tíì tán, a ó máa bá a lọ. Ìyẹn náà tó ohun ìdùnnú fún mi.

Ohun tí mo kọ́ ni pé àìsàn tó padà wá ò sọ ọpẹ́ àná di irọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún rí, tó wá jẹ́ pé òun gan-an ló gbà yín sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Orí àga ìtọ́jú ni mo wà báyìí títí di aago mẹ́ta, mo ráyè kà á dáadáa.