Bọ́ọ̀sì Dé Wásinmi, Ilẹ̀ Bàbá Mi Di Ọ̀wọ́n

Inú ti ń bí mi kí n tó jáde nílé rárá. Ẹ̀gbọ́n mi Ràsákì ló fà á. Ó wá bá mi ní Aké ní ọjọ́ tó ṣáájú, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní Bàbá wa fẹ́ ta ilẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ ní Wásinmi fún ọkùnrin ará Èkó kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀.

“Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ìjọba ti ń gba ibẹ̀, gbogbo ayé ló ń wá ilẹ̀ Wásinmi,” ló wí. “Lọ dá wọn lẹ́kun. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.”

Irọ́ ni. Bàbá kì í gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ràsákì fẹ́ kí ilẹ̀ náà tún wọ́n sí i kí òun lè tà á fúnra rẹ̀ ni. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n tà á rárá, nítorí ibẹ̀ la sin ìyá wa sí.

Bí mo ṣe fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìkòkò aró mi nìyẹn, lọ́jọ́ tó yẹ kí n yọ ọ́. Mo bẹ aláró ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìtòkú kó bá mi mójú tó o, mo sì gbéra ní ìdájí. Kò sí takisí, mo fẹsẹ̀ rìn dé Lafẹnwá. Wọ́n ti sọ fún wa pé bọ́ọ̀sì tuntun yìí kì í pẹ́, pé kò dà bí bọ́lẹ̀kájà tó máa ń dúró títí èrò yóò fi kún. Òótọ́ ni, kò dúró de èrò. Dírẹ́bà ni èrò dúró dè. Oòrùn ti ràn sórí afárá Lafẹnwá kí dírẹ́bà náà tó yọ, ó ń jẹ búrẹ́dì bọ̀ jẹ́jẹ́.

Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀: ẹni tó rà, ẹni tó tà, ẹni tí wọ́n ta tirẹ̀ mọ́ ọn lójú. Nígbà tó yá, ọkọ̀ dúró níwájú pápá kan. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì wọlé.

“Dírẹ́bà, kí la ń ṣe níbí?” mo bi í.

“Màmá, pulọ́ọ̀tì mi nìyẹn,” ó dáhùn, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. “Ibi tí bọ́ọ̀sì bá ti ń dúró ni ilẹ̀ ti ń wọ́n. Mo ń jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ibẹ̀ ni.”

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Wásinmi, ilẹ̀ ẹ̀bá odò ni wọ́n ń jà sí, nítorí ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ilẹ̀ ẹ̀bá títì. Nísinsìnyí, òpó tí wọ́n kọ “Bọ́ọ̀sì” sí lára ló dúró síbẹ̀, gbogbo ojú sì ti kúrò lọ́dọ̀ odò.

Mo bá Bàbá lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé, wọ́n wọ agbádá bí ẹni ń lọ kírun Yídì. Ọkùnrin ará Èkó náà jókòó tì wọ́n, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó gbé wá wà nílẹ̀ láàárín wọn. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá.”

“Àbẹ̀kẹ́! Káàbọ̀, gba ìjókòó. Àbí ìwọ náà wá ra ilẹ̀ ni?”

Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí n dáhùn. “Bàbá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti kó o wá.”

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀sì kan ló ń gba ibí,” ni Bàbá wí. “Ó ti di méjì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni.”

“Ẹgbẹ̀rún méjì lẹ kọ́kọ́ pè é!”

“Nígbà yẹn, a ò tíì mọra.”

Ọkùnrin náà dìde fùú. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, pé onílẹ̀ òdìkejì títì ti ń bẹ òun láti àná, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun ń lọ, Bàbá ò sì ní rí òun mọ́. Ó sọdá títì lójú wa.

Mo yíjú sí Bàbá. “Ẹ ò kúkú fẹ́ tà á tẹ́lẹ̀?”

“Kí n tà á kẹ̀? Ìyá rẹ ńkọ́, níbi tó sùn sí yẹn?”

“Kí wá ni gbogbo èyí, Bàbá? Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní Ìtòkú nítorí rẹ̀!”

Wọ́n nawọ́ sí títì. “Kí bọ́ọ̀sì tó dé, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń lọ sóko, tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Wọ́n á yà mu omi lọ́dọ̀ mi, wọ́n á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ní báyìí, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń juwọ́ sí mi. Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin yẹn bá mi tún òrùlé ṣe. Bí mo bá tà á fún un, kí ni yóò tún wá ṣe níbí?”

Mo bá wọlé lọ ro láfún. Òkèlè díẹ̀ ni Bàbá jẹ. Òdìkejì títì ni wọ́n ń wò, níbi tí ọkùnrin náà àti aládùúgbò wọn ti ń fi okùn wọn ilẹ̀, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Aké fún ìgbà díẹ̀.”

“Ta ni yóò ṣọ́ ilé?” Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wá fìlà.

A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà títí ara fi kan mí. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kún, ó kọjá. Èkejì náà kún, ó fọn fèrè, ó kọjá. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nítorí ọkọ̀ tí kò dúró! Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó gbágùúdá ló gbé wa nígbẹ̀yìn, ó sì gbà ju owó bọ́ọ̀sì lọ. Bàbá jókòó níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, ẹnu wọn kò sinmi títí a fi dé Lafẹnwá. Èmi wà lẹ́yìn, lórí gbágùúdá.

Ràsákì ti ń retí mi ní Aké. Ó ní ṣé wọ́n ti tà á. Mo ní wọn ò tà á, wọn ò sì ní tà á, kó yáa gbàgbé. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé ọ̀nà lè sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, kó sì sọ ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń wò kọjá. Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí fún Ràsákì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Bàbá láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n ti rí onílé wa, ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́.

“Àlàájà, ilé yín yìí,” ni wọ́n ń wí, “bí ẹnìkan bá fẹ́ rà á, èló lẹ máa gbà?”

Ìyá onílé wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó sì fa àga tirẹ̀ sún mọ́ wọn.