Ẹran Tó Gba Aṣọ Pupa Lápá Mi

Òórùn kákí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tó pọ̀ mọ́ èéfín igi tútù: ohun tí ìlú Ọ̀kà ṣì jẹ́ nímú mi títí dòní nìyẹn. Ilé ìwé girama kan tó wà lẹ́bàá òkè níbẹ̀ ni wọ́n kó àwa kàdẹ́ẹ̀tì lọ nígbà họlidé, àwa tá a wá láti Ìkàrẹ́, àwọn ti Òkè-Àgbè, àwọn ti Ugbè. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa béèyàn ṣe ń ṣe aṣíwájú àti béèyàn ṣe ń jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rere. Láàárọ̀, òtútù á máa bọ́ látorí àpáta, àwa á tò sórí ìlà nínú ṣòkòtò péńpé, orúnkún wa á máa lu ara wọn. Ológun la sì pe ara wa o.

Èmi ni wọ́n fi ṣe lídà ẹgbẹ́ wa. Má rò pé torí ọgbọ́n ni. Mo ga ju gbogbo wọn lọ, mo ga torí pé mo dàgbà jù wọ́n lọ, mo sì dàgbà jù wọ́n lọ torí pé mo pẹ́ nínú kíláàsì kan náà débi pé àga ibẹ̀ ti mọ ìdí mi. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń kọ́ wa ò mọ ìyẹn. Gíga mi ló wò tó fi so aṣọ pupa mọ́ mi lápá, ó ní tí mo bá ṣe dáadáa, èmi ni màá pàṣẹ fún ẹgbẹ́ wa níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ párédì. Kíá, mo yá fóònù, mo pe màmá mi n'Ìkàrẹ́.

"Màámi, wọ́n ti fi mí jẹ kọmándà!"

"Kọmándà kẹ̀? Ìwọ?"

Kó tó dalẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Kí lo fẹ́ kí obìnrin náà ṣe? Látìgbà tí mo ti hu eyín, kò tíì rí nǹkan kan fi mí yangàn.

Òfin tí sójà náà tẹ̀ mọ́ wa létí jù ni ti oúnjẹ. Lídà gbọ́dọ̀ rí i pé gbogbo èèyàn ẹ̀ ti jẹun kóun tó jẹ. Tí ò bá kù, kó mu omi. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà, torí ẹ̀wà lásán là ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàgbà lórí ẹ̀wà. Ọjọ́ tí ẹran dé ni wàhálà dé. Irú ilé tí mo ti wá làwọn ọmọ yẹn náà ti wá, ilé tí àgbà ti ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹran kí ọmọdé tó rò ó.

Àwo fífẹ̀ kan ni wọ́n fi gbé ìrẹsì ẹgbẹ́ wa wá, ẹran tò sórí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹun. Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ mú." Ọmọbìnrin kan láti Òkè-Àgbè ló sọ̀rọ̀, ó kéré, àmọ́ ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ.

"Èmi ni màá jẹ kẹ́yìn. Òfin ni."

"A ti gbọ́ òfin. Ẹ sáà mú ẹyọ kan. Ṣé kí wọ́n gbọ́ nílé wa pé mo mú ẹran ṣáájú ẹni tó jù mí lọ ni?"

"Mo pàṣẹ fún yín!"

"Ẹ tún wá ń bínú. Ẹ mú un jàre, ebi ń pa wá."

Ọmọkùnrin kan láti Ugbè ní ká tún àdúrà gbà, bóyá ẹran náà á pín ara ẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè ìlú wọn wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò gbọ́ ọ, àmọ́ mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bú. Ọbẹ̀ ti ń dì. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù ti ń fọ àwo. Mo wá rò ó pé tí mo bá mú kékeré kan, ọ̀rọ̀ á tán. Ọwọ́ mi dé orí àwo, ó fo kékeré, ó fo èyí tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá baba gbogbo wọn. Bí mo ṣe jù ú sẹ́nu ni mo rí i tí ojú gbogbo wọn yí padà. Sójà ti dúró sẹ́yìn mi.

"Lídà!"

Mo fò dìde, mo gbé ọwọ́ sórí bí ológun. Mo fẹ́ sọ pé "Yẹ́ẹ̀sì, sà," ohùn àgbò ló jáde.

"Sà, ẹ má bínú," ọmọbìnrin yẹn ní, "àwa la ní kó kọ́kọ́ mú. Òun ló dàgbà jù."

Sójà wò ó, ó wò mí. "Ó ní kí ẹ jẹun, ẹ ò jẹ. Ìwọ ní kó jẹ, ó jẹ. Ta wá ni lídà?"

Ó tú aṣọ pupa lápá mi, ó so ó mọ́ ọmọbìnrin náà lápá.

Lọ́jọ́ párédì, màmá mi mú obìnrin méjì wá láti àdúgbò wa, wọ́n wá wo kọmándà. Mo wà ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Ọmọbìnrin náà dúró níwájú, ó pàṣẹ pé ká máa lọ, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnì kan ò gbẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àgbà wọn á gbà. Àṣé tí mo bá dúró báyẹn, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, bóyá aṣọ pupa á tiẹ̀ padà wá bá mi. Mo rí omi lójú ọmọbìnrin náà. Mo tún gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn tó ń bi màmá mi pé, "Èwo wá ni kọmándà níbẹ̀?"

Mo gbé búùtù sókè, mo fi janlẹ̀ débi pé eruku sọ. Ìlà iwájú mi tẹ̀ lé mi, gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Ohùn ọmọbìnrin náà ò gbọ̀n mọ́.

"Ṣebí o ní ìwọ ni kọmándà?" màmá mi bi mí lẹ́yìn náà.

"Ẹran ló gbà á lọ́wọ́ mi, Màámi."

"Ẹran! Mo mọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi tún ìró ró.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni èmi àti ilé ìwé tú ká, kò sì sẹ́ni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sí bọ́ọ̀dù l'Ọ̀kà ni mo ti gbàgbé. Èyí tó kù ni pé ẹni tí wọ́n bá fi síwájú, ariwo lásán ló ń pa títí ẹnì kan á fi kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, ẹni tó sì máa ń nira fún jù láti gbẹ́sẹ̀ lẹni tó rò pé òun lọ́jọ́ lórí jù. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ọmọ kan tí mo ti gbé pọ̀n rí ṣe olórí ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Ó ní ká jáde wá kó gọ́tà kí òjò tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ mi káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo ojú mi.

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo bi ọmọ náà ibi tó ti fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.