Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Iléeṣẹ́ Ò Kọ

Èmi ni mo kọ ìwé náà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín nínú ẹ̀bi rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà l'Ápòmù ló bá mi wá àmì iléeṣẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń fọ́ òkúta ló ba odò ẹ̀yìn ilé wa jẹ́ n'Íkirè. Omi tí wọ́n fi ń ṣan òkúta ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, tí odò fi funfun bí ẹ̀kọ mímu. Odò yẹn ni ìyá mi fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tó ń fi ṣe fùfú, òun náà la sì ń mu. A kọ lẹ́tà títí, wọn ò dá wa lóhùn. Ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀ pé mi ò lè gba irú ìyẹn mọ́ra.

Ni mo bá kọ ìwé lórúkọ wọn: pé iléeṣẹ́ mọ̀ pé òun ṣe àìdáa, pé òun ń bẹ gbogbo ará àdúgbò, pé òun yóò tún odò náà ṣe. Mo fi ránṣẹ́ sí rédíò. Èrò mi ni pé dandan ni kí wọ́n jáde wá sọ ọ́ létí gbogbo ayé pé àwọn ò ní tún nǹkan kan ṣe, kí ojú sì tì wọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kà á. Mo wà l'Ápòmù, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé pé lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ṣe èèyàn lóore lónìí, àárọ̀ ọ̀la ló ń lọ dúpẹ́.

Ìyá mi àti àwọn ìyá mẹ́fà mìíràn gbéra láàárọ̀, wọ́n ru iṣu àti fùfú. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́nu géètì iléeṣẹ́, wọ́n ń dúpẹ́. Ọ̀gá kan jáde, ó bi wọ́n pé ta ló ṣèlérí fún wọn. Ó ní irọ́ ni, kí wọ́n gbé ẹrù wọn kúrò lọ́nà ọkọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi fóònù ká wọn sílẹ̀. Fídíò yẹn ni mo fi rí ìyá mi, ẹni àádọ́rin ọdún, tó ń gbìyànjú àtidìde, tí ẹnikẹ́ni ò fà á lọ́wọ́. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́sàn-án, iléeṣẹ́ sọ lórí rédíò pé àwọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bínú sí wọn. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó lè jẹ́wọ́. Ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Irọ́ ni mo pa."

Kò gbójú sókè. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

"Títí kan ibi tí wọ́n ti ní àwọn ń bẹ̀ wá?"

"Ẹ̀ẹ́n, Màámi. Ibẹ̀ náà."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Torí omi kọ́ ni mo ṣe lọ dúpẹ́," ó ní. "Torí pé wọ́n bẹ̀ wá ni."